Àdúrà Tí Káfíńtà Jí Gbọ́ Láti Orí Àjà

Ọ̀rọ̀ kan wà tí Káfíńtà ti gbé mì láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú. Àkókò ti tó wàyí tó gbọ́dọ̀ bì í jáde. Àìsàn kọ́ ló dá a dùbúlẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì ká a mọ́. Kò sẹ́ni tó fura sí i rárá. Ohun tó sọ ọ́ di dandan ni pé irọ́ tó pa fún ìyá ti fẹ́ gba ọkọ lọ́wọ́ ọmọ, ó sì rí i pé bí òun bá tún dákẹ́ lórí èyí, òun ò ní lè pe ara òun ní bàbá mọ́, ká má tíì sọ pé kí òun máa pe ara òun ní onígbàgbọ́.

Ẹ má rò pé ènìyàn burúkú ni mo fẹ́ ròyìn fún yín o. Àga tí Káfíńtà bá kàn kì í mì. Bó bá ní Ọjọ́rú ni ilẹ̀kùn yín á dé, ẹ lè yọ ògbólógbòó ilẹ̀kùn yín dànù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kí ẹ sì sùn láìbẹ̀rù olè. Ìyàwó rẹ̀ ni Aránṣọ, obìnrin tó lè wo ènìyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó ti mọ bí ìbàdí rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, tí kò sì ní sọ ọ́ síta láéláé. Láàárọ̀ kùtù, kí ẹnikẹ́ni nínú ilé tó fọ ẹnu, àwọn méjèèjì á ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ìjọ ń wá ẹni tí yóò máa kọ́ àwọn àfẹ́sọ́nà ní ohun tí ìgbéyàwó onígbàgbọ́ jẹ́, Pásítọ̀ ò wá wọn jìnnà. Lọ́jọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ìsìn, nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ilé ìjọsìn, tọkọtaya yìí á jókòó níwájú àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú bí ẹni pé afẹ́fẹ́ fẹ́ gbé ìkejì lọ.

Ẹ̀kọ́ wọn pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí gbogbo ọmọ ń dúró dè ni ìtàn òjò. Aránṣọ ló máa ń sọ ọ́. Á ní nígbà tí òun wà lọ́mọge, ọkùnrin méjì ló ń wojú òun, òun ò sì mọ èyí tí òun ì bá mú, ni òun bá lọ bi Ọlọ́run. Òun ní kí ẹni tó bá jẹ́ ọkọ òun wá sílé àwọn lọ́jọ́ tí òjò bá ń rọ̀, kó má béèrè òun, ìyá òun tó ń wúkọ́ ni kó béèrè, kó sì mú ohun gbígbóná dání fún ìyá náà láti mu. "Mi ò sọ ọ́ fún ẹ̀dá alààyè kankan," á wí, á na ìka sókè. "Kò pẹ́ kò jìnnà, òjò ṣú, ó rọ̀ bí ẹni pé ọ̀run ya. Ẹni tó kan ilẹ̀kùn wa, tó tutù rinrin bí ọmọ adìẹ, ni bàbá tó jókòó yìí." Nígbà náà ni yóò gbé fúláàsì aláwọ̀ búlúù kan sókè, èyí tí ìdérí rẹ̀ ti sán, àwọn ọmọ náà á sì pariwo "Halelúyà!" Káfíńtà á rẹ́rìn-ín músẹ́, á máa wo ilẹ̀. Àwọn ènìyàn rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni. Tọkọtaya Olójò ni wọ́n ń pè wọ́n nínú ìjọ.

Àbíkẹ́yìn wọn, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì, ti ń gbọ́ ìtàn yìí láti inú oyún. Ó ní àfẹ́sọ́nà kan tó ń tún ọkọ̀ ṣe, tí gbogbo ilé ń pè ní Mẹkáníìkì, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àfi bí wọ́n bá bi í léèrè ohun tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì. Gbogbo ènìyàn ti ń múra ìgbéyàwó wọn sílẹ̀. Àfi lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Káfíńtà ń fá pákó nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tí Mẹkáníìkì wọlé tí kò lè jókòó.

"Bàbá, ẹ káàsán, sà. Nọ́ọ̀sì ti dá òrùka padà fún mi."

"Kí lo ṣe fún un?"

"Ìyẹn gan-an ni mo wá bi yín. Ó ní òun ti bẹ Ọlọ́run pé kí n wá kí ìyá lọ́jọ́ òjò, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ṣe. Òjò ti rọ̀ títí, mi ò wá. Bàbá, bí òjò bá ń rọ̀, ìgbà yẹn gan-an ni ọkọ̀ àwọn ènìyàn ń kú sójú ọ̀nà. Abẹ́ ọkọ̀ ni mo máa ń wà. Ó ní òun fẹ́ràn mi, ó ń sunkún bó ṣe ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n òun ò lè fẹ́ ẹni tí Ọlọ́run ò fọwọ́ sí." Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ tí epo ọkọ̀ ti wọ̀ lẹ́kanná. "Ẹ̀ṣẹ̀ tí mo bá mọ̀ pé mo ṣẹ̀, mo lè tún un ṣe. Báwo ni mo ṣe fẹ́ tún òjò ṣe?"

Rándà tó fi ń fá pákó dúró sáàárín. Káfíńtà wo ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú Mẹkáníìkì nìkan ló rí. Ojú ẹlòmíràn tí òjò ti na nígbà kan rí ló rí níbẹ̀.

"Máa lọ sílé," ó ní. "Kì í ṣe ìwọ lo jẹ̀bi."

"Ta ló wá jẹ̀bi, sà?"

Káfíńtà tún bẹ̀rẹ̀ sí í fá pákó.

Ó kọ́kọ́ gbìyànjú ọ̀nà ẹ̀bùrú. Bí Nọ́ọ̀sì ṣe ti ibi iṣẹ́ dé, ó pè é jókòó, ó ní kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni Ọlọ́run ń fi àmì bá sọ̀rọ̀, pé ọgbọ́n orí pẹ̀lú wà lára ẹ̀bùn tó fún wa. Ọmọ náà wò ó bí ẹni pé ó sọ èdè mìíràn. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ ń sọ bẹ́ẹ̀? Ṣé Ọlọ́run tó dá Màmá lóhùn ò mọ orúkọ tèmi ni? Ẹ̀yin lẹ rìn nínú òjò láìsẹ́ni tó rán yín. Èmi náà fẹ́ ẹni tí Ọlọ́run máa rán." Ọ̀nà ẹ̀bùrú ti dí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí Aránṣọ ṣe fẹ́ kúnlẹ̀ fún àdúrà, ọkọ rẹ̀ dì í lọ́wọ́ mú.

"Ìyá Nọ́ọ̀sì, má tíì kúnlẹ̀. Jókòó. Mo ní ohun tí mo fẹ́ jẹ́wọ́."

"Ṣé kò sí o, Bàbá Nọ́ọ̀sì? Ẹ jẹ́ kó yá, àyà mi ti ń já."

Ni Káfíńtà bá bẹ̀rẹ̀. "Ọjọ́ tí o lọ gbàdúrà nínú yàrá tí àwọn akọrin ti ń wọ aṣọ, ìwọ nìkan kọ́ lo wà níbẹ̀. Mo wà lórí àjà. Òrùlé ń jò, àwọn alàgbà ní kí n wá tún ibẹ̀ kàn. Mo ti gòkè, mo ti fa àkàbà mọ́ra, ìṣó kún ẹnu mi, ni mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn ṣí. Mo yọjú níbi tí pákó ti ṣí sílẹ̀, mo rí ọ. Mo fẹ́ wúkọ́ kí o lè mọ̀ pé ènìyàn wà níbẹ̀. Ọlọ́run ń gbọ́, mo fẹ́ wúkọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí o ní, 'Olúwa, ṣé Káfíńtà ni àbí Tíṣà?' ikọ́ náà gbẹ mọ́ mi lọ́fun. Ta ló máa wúkọ́ níbi tí wọ́n ti ń dárúkọ rẹ̀ fún Ọlọ́run? Òmùgọ̀ ni mí, ojúkòkòrò sì tún kún un. Mo di èémí mú, mo ń fi ahọ́n tọ́ irin wò, gbogbo àmì tí o béèrè ni mo gbọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyá, òjò, ohun gbígbóná. Mo jí àdúrà rẹ gbọ́, Ìyá Nọ́ọ̀sì. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wo ojú ọ̀run bí àgbẹ̀ tó ti gbin àgbàdo sílẹ̀."

Aránṣọ tún ìborùn rẹ̀ so. Lẹ́yìn náà ó mí kanlẹ̀, ẹ̀rín kékeré kan sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀.

"Ìyẹn lẹ ti ń gbé kiri láti ọjọ́ yìí? Ẹ̀yin ọkùnrin! Ó dùn mí o, mi ò ní purọ́ fún yín. Gbogbo ọmọ tí mo ti sọ fún pé ẹ̀dá alààyè kankan ò gbọ́, bẹ́ẹ̀ ènìyàn dùbúlẹ̀ sókè lórí mi bí ológbò! Ṣùgbọ́n ọmọdé ni yín nígbà náà, ẹ fẹ́ràn mi. Bóyá Ọlọ́run ló tiẹ̀ fi yín sórí àjà. Ẹ jẹ́ ká kúnlẹ̀."

Ilẹ̀kùn àbáyọ ṣí sílẹ̀ gbayawu níwájú Káfíńtà. Ó lè gba ibẹ̀ jáde. Ó ti jẹ́wọ́, wọ́n ti dárí jì í, ẹ̀rín tiẹ̀ ti wọ̀ ọ́. Ọkàn rẹ̀ ń sọ fún un pé, "Ó tó bẹ́ẹ̀, àgbàlagbà, má fọwọ́ ara rẹ ṣe ara rẹ." Ìdajì òtítọ́ dùn lẹ́nu, ó jọ odidi. Ó tiẹ̀ ti fi orúnkún kan kanlẹ̀. Ohun tó dá a dúró ni Nọ́ọ̀sì tó ń wẹ̀ ní balùwẹ̀, tí kò kọrin mọ́ bó ṣe máa ń kọ ọ́ tẹ́lẹ̀.

"Kò tíì tán," ó ní. "Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló mọ, à bá ti fi ṣẹ̀rín tipẹ́. Lọ́jọ́ tí òjò náà rọ̀, ibi iṣẹ́ ni mo wà, mi ò ní ohun gbígbóná kankan. Mo sáré jáde láti wá ibi tí wọ́n ti ń ta tíì, gbogbo ìsọ̀ ti tì. Mo wá ń sáré bọ̀ lọ́dọ̀ yín lọ́wọ́ òfo, mo ń rò ó pé bóyá Ọlọ́run á gba ìdajì àmì lọ́wọ́ mi. Ìgbà tí mo dé orígun òpópónà yín, mo pàdé Tíṣà."

Ọwọ́ Aránṣọ tó wà lára ìborùn dúró.

"Atẹ́gùn ti yí agboòrùn rẹ̀ sódì. Ó gbá nǹkan kan mọ́ àyà, ó fi aṣọ ìnura wé e. Mo ní, 'Tíṣà, ibo nínú òjò yìí?' Ó ní, 'Mo gbọ́ ní ìjọ pé ikọ́ ń yọ ìyá Aránṣọ lẹ́nu. Mo ní kí n gbé tíì aláta-ilẹ̀ lọ fún wọn kó tó tutù. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá Aránṣọ wà nílé, ìyá ni mo fẹ́ kí.' Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, Ìyá Nọ́ọ̀sì. Ọ̀rọ̀ tí o bá Ọlọ́run sọ ló ń jáde lẹ́nu ọkùnrin náà, bẹ́ẹ̀ òun ò gun orí àjà kankan. Ẹ̀rù bà mí. Ó yẹ kí n yà fún un. Ẹsẹ̀ kan péré ni mo nílò láti yà, ọ̀nà á sì là fún un dé ẹnu ilẹ̀kùn yín. Ṣùgbọ́n mo wò ó pé bó bá débẹ̀, mo ti pàdánù rẹ títí ayé. Mo ní, 'Ṣé ẹ ò gbọ́ ni? Wọ́n ti gbé ìyá lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ilé wọn ti wà ní títì.' Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, 'Yéè! Wọ́ọ̀dù wo?' Mo ní mi ò mọ̀. Ó ti sáré díẹ̀, ó tún padà, ó na fúláàsì náà sí mi. Ó ní, 'Ìwọ lo sún mọ́ ilé wọn. Bí wọ́n bá tètè dé, bá mi fún ìyá. Ìdérí rẹ̀ ti sán, á ti tutù kí n tó dé ilé ìwòsàn.' Mo gbà á. Ìyá Nọ́ọ̀sì, mo na ọwọ́ méjèèjì, mo gbà á. Ó sì tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi! Ó sáré gba ọ̀hún, èmi gba ilé yín, mo kan ilẹ̀kùn, mo ní, 'Ìyá ni mo wá kí.' Ìyá rẹ mu tíì Tíṣà, wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n ní ọwọ́ tó gbé ohun gbígbóná fún àwọn kò ní tutù láéláé. Wọ́n ti re ọ̀run báyìí, wọn ò sì mọ ẹni tí wọ́n súre fún. Ẹ̀ẹ̀kan lo bi mí, kí a tó ṣe ìgbéyàwó, o ní, 'Tíṣà tó ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ràn mi, kí ló dé tí kò tiẹ̀ wá kí ìyá mi?' Ṣé o rántí ohun tí mo sọ? Mo ní, 'Ẹni tó bá fẹ́ràn ènìyàn, òjò ò lè dí i lọ́nà.' Ẹnu yìí ni mo fi sọ ọ́."

Nígbà tí Aránṣọ máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè rárá.

"Ìwọ," ó ní. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, 'ẹ̀yin' ló ń pè é; kò tíì pè é ní 'ìwọ' rí. "Ìwọ jẹ́ kí n máa gbé fúláàsì ọkùnrin yẹn sókè níwájú àwọn ọmọ ọlọ́mọ. O jókòó tì mí, ò ń rẹ́rìn-ín."

"Dárí jì mí."

"Gbogbo àárọ̀ tí a jọ ń kúnlẹ̀ síbí yìí, ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ọlọ́run ni. Òótọ́ ni mò ń sọ, Ọlọ́run ni. Ṣùgbọ́n bí a bá dé ibi tí a ti ń tọrọ ìdáríjì, ohùn mi kì í jáde. Ètè mi nìkan ló máa ń mì."

Aránṣọ dìde. Ó lọ sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó jókòó, kò mú aṣọ kankan. Ó kàn ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ náà, abẹ́rẹ́ ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀, lórí òfo. Káfíńtà dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn títí ẹsẹ̀ fi ro ó, kó tó lọ síbi iṣẹ́.

Láti ọjọ́ náà Aránṣọ kó lọ sí yàrá Nọ́ọ̀sì. Ó ń gbé oúnjẹ ọkọ rẹ̀ kalẹ̀, ó ń lọ aṣọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò sí. Nígbà tí ọmọ bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀, ó ní, "Bi bàbá rẹ." Káfíńtà sọ fún ọmọ náà pẹ̀lú, kò fi ibì kankan pamọ́. Nọ́ọ̀sì gbọ́ ọ tán, ó bọ́ fìlà iṣẹ́ kúrò lórí, ó ní, "Bàbá, nítorí ìtàn yẹn ni mo ṣe lé ọkùnrin dáadáa lọ." Kò bú u. Ì bá tiẹ̀ bú u, ì bá sàn.

Ó di ọjọ́ Àbámẹ́ta. Aránṣọ gbé fúláàsì náà sínú àpò, ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. "Wọ bàtà rẹ. À ń lọ sọ́dọ̀ Tíṣà."

Tíṣà ti fẹ̀yìn tì. Apá kejì ìlú ló ń gbé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, obìnrin sísanra kan tí ẹ̀rín ò jìnnà sí lẹ́nu. Inú Tíṣà dùn láti rí wọn, ó ń wá àga kiri fún wọn, àfi ìgbà tí Káfíńtà kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Tíṣà gbọ́ ọ títí dé òpin. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún nù ún.

"Gbogbo wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn yẹn ni mo wọ̀ lọ́jọ́ náà," ó wí. "Mò ń ṣí aṣọ lójú àwọn arúgbó tí wọ́n ń sùn, mò ń ní, 'Ṣé ẹ̀yin ni ìyá Aránṣọ?' Nọ́ọ̀sì kan rò pé orí mi ti dàrú. Ìgbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, mo rí ìyá nínú ìjọ, ara wọn le koko. Mo wá rò pé ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ pète rẹ̀. Mo rò pé Aránṣọ ló ní kí wọ́n fi mí ṣẹ̀sín. Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gbé mi lọ sí ilé ìwé mìíràn."

"Háà, Tíṣà!" Aránṣọ bú sẹ́kún. "Mi ò mọ̀. Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi, mi ò mọ̀."

"Mo ti rí i báyìí pé ẹ ò mọ̀."

Káfíńtà fẹ́ tu ọkùnrin náà nínú. Ó ní, "Bóyá Ọlọ́run ló sọ ọ́ di rere, sà. Ẹ wo irú ìyàwó tí ó fi jíǹkí yín."

Tíṣà na ọwọ́ sókè bí ẹni tó ń dá ọmọ kíláàsì lẹ́kun. "Ìyẹn, má sọ ọ́. Òótọ́ ni, Ọlọ́run ṣe mí lóore. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ló yẹ kó ti jáde. Ìwọ, ẹ̀bẹ̀ nìkan ni tìrẹ."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ dárí jì mí."

"Mo dárí jì ọ́." Ó tún awò ojú rẹ̀ wọ̀. "Ó ṣì ń dùn mí díẹ̀ o, má rò pé kò dùn mí. Ṣùgbọ́n mo dárí jì ọ́. Dìde, àwa méjèèjì ti kọjá ẹni tó ń fi orúnkún ṣeré."

Ìyàwó Tíṣà ti mú fúláàsì náà, ó ń yí i wò. "Èyí náà ló lé ọkọ mi wá bá mi? Ẹ ṣeun, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jókòó, mo fẹ́ lọ bu omi sórí iná. Ẹni tó bá sọ pé òun ò ní mu tíì mi, á kúnlẹ̀ padà." Wọ́n rẹ́rìn-ín, kódà Tíṣà rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi fúláàsì náà sílẹ̀ níbẹ̀, lọ́dọ̀ ẹni tó ni ín.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Káfíńtà dìde níwájú àwọn àfẹ́sọ́nà. Ó ti sọ ọ́ fún Pásítọ̀ ṣáájú, ẹni tó ní kí tọkọtaya náà sinmi kíkọ́ni fún ìgbà díẹ̀, Káfíńtà sì gbà láìjanpata. Kìkì pé ó bẹ̀bẹ̀ fún ọjọ́ kan yìí. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn láti orí àjà dé ẹnu ilẹ̀kùn ìyá. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, mi ò ní kí ẹ má gbàdúrà. Ẹ gbà á kíkan kíkan. Ṣùgbọ́n ẹ má fi Ọlọ́run ṣe alárenà ohun tí ẹnu yín ò láyà láti sọ. Bí o bá fẹ́ràn ọmọbìnrin, lọ sọ fún un, kó sì láǹfààní láti sọ pé rárá. Ẹ máa gbọ́ pé ilé tí wọ́n kọ́ sórí irọ́ á wó. Tèmi ò wó. Ohun tó ṣe mí burú ju wíwó lọ: mi ò fi gbogbo ara tẹ ilẹ̀ inú ilé mi rí. Bí ìyàwó mi bá ti wò mí pẹ̀lú ìfẹ́, mo máa ń bi ara mi pé ṣé èmi ló ń wò ni, àbí ẹni tó yẹ kó gbé tíì náà dé."

Ọmọkùnrin kan na ọwọ́. "Bàbá, ṣé Ọlọ́run wá dá Màmá lóhùn, àbí kò dá wọn lóhùn?"

Aránṣọ ló dáhùn láti ibi tó jókòó sí. "Mi ò mọ̀, ọmọ mi. Bóyá ó dá mi lóhùn, tí wọ́n gba ìdáhùn náà lọ́wọ́ mi lójú ọ̀nà. Bóyá èmi náà lọ́wọ́ nínú àṣìṣe ọ̀hún. Ọkùnrin méjì wà tí mo lè bá jókòó, kí n gbọ́ ohun tó wà nínú wọn. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo lọ ń fún Ọlọ́run ní ìdánwò bíi tọmọ iléèwé."

Nọ́ọ̀sì, tó dúró sẹ́yìn, jáde kí wọ́n tó ṣe àdúrà oore-ọ̀fẹ́ ìparí. Ó di ọjọ́ Ajé kó tó bá Mẹkáníìkì níbi iṣẹ́, lábẹ́ ọkọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló yọ síta. Ó lóṣòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹsẹ̀ náà sọ̀rọ̀. Ó bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun fẹ́ràn rẹ̀, òun ò sì ní bi òjò léèrè mọ́. Láti abẹ́ ọkọ̀, Mẹkáníìkì ní, "Ó dùn mí gan-an." Nọ́ọ̀sì ní, "Mo mọ̀." Mẹkáníìkì na ọwọ́ kan jáde. Ó ní, "Fún mi ní àyè díẹ̀. Ṣùgbọ́n na sípánà kékeré yẹn sí mi." Wọ́n ti ń jọ gbàdúrà báyìí, wọ́n tún ti ń jọ sọ̀rọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Òrùka ò tíì padà sọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó wà lápò Mẹkáníìkì.

Ní ti Aránṣọ, yàrá ọmọ ló ṣì ń sùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń fọ abọ́, ọkọ rẹ̀ ń nù ún, ó ní láìyíjú padà:

"Ohun kan wà tó ń dùn mí ju fúláàsì lọ. O ò bi mí rí. Ìyá mi lo béèrè, èmi sì rò pé Ọlọ́run ló ti bi mí, mo ní bẹ́ẹ̀ ni kí o tó la ẹnu. Ẹnu ara rẹ ò bi mí rí, pé ṣé màá fẹ́ ọ."

Káfíńtà gbé abọ́ kalẹ̀. "Ṣé kí n bi ọ́ báyìí?"

"Ṣé èmi ni màá tún kọ́ ọ?"

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò. "Aránṣọ, ọkùnrin tó purọ́ fún ọ ni mí. Ohun tó burú jù nínú mi, o ti mọ̀ ọ́n báyìí. Mi ò ní àmì kankan lọ́wọ́. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Mo gbọ́," Aránṣọ wí. "Máa lọ síbi iṣẹ́ rẹ."

Ní gbogbo ọjọ́ náà, pákó tí Káfíńtà bá wọ̀n, ó wọ̀n ọ́n kúrú. Ó lu àtàǹpàkò ara rẹ̀, ohun tí kò ṣe láti ìgbà tó ti gba òmìnira iṣẹ́. Oòrùn ti ń rọlẹ̀ nígbà tí òjìji bo ẹnu ọ̀nà, tó gbójú sókè, tó rí ìyàwó rẹ̀ tó dúró síbẹ̀, téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Mo ti rò ó," ó ní. "Nígbà tí àkọ́bí wa kú, gbogbo ènìyàn wá, wọ́n ń sọ fún mi pé Ọlọ́run ló mọ̀ jù. Ìwọ nìkan ni o ò sọ nǹkan kan. O jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, o di ẹsẹ̀ mi mú títí mo fi sùn. Mi ò béèrè ìyẹn lọ́wọ́ Ọlọ́run, ẹnikẹ́ni ò sì kọ́ ọ. Ọkùnrin tó ṣe ìyẹn, màá fẹ́ ẹ."

Omijé Káfíńtà bọ́ sórí pákó.

"Má sunkún sórí pákó oníbàárà," Aránṣọ wí. "Gbálẹ̀ ibí yìí, ká máa lọ sílé."